Mo Fọwọ́ Sí I

Iná ti lọ ní Kétu láti ìrọ̀lẹ́.
Àtùpà kan ni mo tàn sórí tábìlì,
mo kó ìwé ńlá mẹ́ta jọ láti yàrá mẹ́ta:
ti ọgbẹ́, ti egungun,
àti ti àwọn ọmọ tí ara wọn rù.
Dòsù tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní, "Màdáámù, ẹ ò níí relé ni?"
Mo ní kó jẹ́ n parí ìṣirò kan.

Oṣù Ẹ̀rẹ̀nà. Sàbùrátù, ọmọ ọdún mẹ́jọ, láti Òdòmẹ́ta.
Omi gbígbóná dà sí i lọ́wọ́ òsì.
Ẹ̀míìlì ló wẹ egbò náà, ó dì í dáadáa,
lẹ́tà rẹ̀ tò bí poro ẹ̀gẹ́ lóko ẹni tó mọ iṣẹ́.

Oṣù Bélú. Ọmọ kan náà. Apá ọ̀tún kán.
"Ó já bọ́ lórí igi máńgòrò."
Jàfárù ló tò ó. Egungun náà jinná, kò wọ́.
Ṣùgbọ́n èwo ni máńgòrò nínú oṣù Bélú?
Kí ni ọmọ ń wá lórí igi tí kò ní ju ewé lọ?

Èrèlé tó kọjá. Ọmọ kan náà, wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ: Sábúrá.
Kílò mẹ́rìndínlógún.
Wọ́n bu ẹ̀kọ sóyà fún un, wọ́n ní kó padà wá.
Kò padà wá. Kò sẹ́ni tó béèrè.

Kò sí ẹni tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìdáa nínú wọn.
Ta wá ló yẹ kó rí i
pé ọmọ kan ṣoṣo ló ń rìn yípo láàárín ilẹ̀kùn mẹ́ta?
Mo wá ìdáhùn lọ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé.
Níbẹ̀ ni mo bá a, ní Ẹ̀rẹ̀nà, ní Bélú, ní Èrèlé:
òǹtẹ̀, íńkì búlúù,
orúkọ mi.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.
Mo wà lọ́jà.
Orí wọ́.
Mo fọwọ́ sí i.

Kí n má purọ́, mo mọ ilé tó ń gbé.
Obìnrin tó gbà á lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ pé òun ó fi sílé ìwé
ló ra fíríìjì tí a ń kó àjẹsára sí.
Lọ́jọ́ tó gbé e wá, a ya fọ́tò, mo rẹ́rìn-ín.
Ọmọdébìnrin kan dúró lẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé báàgì dání,
ó wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn nínú oòrùn ọ̀sán.
Mo rí i bí èèyàn ṣe ń rí ògiri.

Ìlú wa ní ilẹ̀kùn tí àwọn baba ńlá wa ń tì
kí ogun má bàa wọlé.
Ta ni yóò bá wa ṣọ́ èyí tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀?

Ilẹ̀ mọ́. Mi ò pe ìpàdé.
Mo ní kí wọ́n ṣí pákó tó pín yàrá sí yàrá,
ìwé ẹyọ kan ni kó wà fún ọmọdé,
orúkọ ọmọ, orúkọ ẹni tó mú un wá.
Ẹ̀míìlì ní, "Bó bá jẹ́ ọmọ ilé ọlọ́pàá ńkọ́?"
Kọ ọ́.
"Bó bá jẹ́ ilé tiyín?"
Kọ ọ́ gàdàgbà.
Jàfárù wo fíríìjì, ó wò mí.
Mo ní yìnyín wà ní Pọ́bẹ̀, a ó máa rà á.

Èmi àti arábìnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé
gun alùpùpù kan náà, ọ̀nà Òdòmẹ́ta pupa,
eruku wọ ojú wa.
Mi ò tíì mọ ohun tí n ó sọ.
Orúkọ rẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ pè,
n ó pè é pé.